Àbújá kì í ṣe ìlú àná: ohun tó yẹ kí àlejò rí, kó rà, kó sì jẹ

Ọ̀rọ̀ tiwa lọ́sẹ̀ yìí dá lórí Àbújá, olú-ìlú wa, àti bó ṣe yẹ ká máa mú àlejò rìn níbẹ̀. Ilé ọmọ Yorùbá wo ló wà ní Àbújá tí àlejò kì í yà sí? Àwọn kan wá torí físà, àwọn kan wá síbi ìgbéyàwó, àwọn mìíràn wá wo ọmọ wọn tó ń sin ilẹ̀ baba rẹ̀, àwọn ìyá àgbà sì ń wá wẹ ọmọ tuntun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe fún irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. A ó fi mọ́tò gbé wọn yí ká orí títì ọlọ́dà, a ó mú wọn wọ ilé ìtajà ńlá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, a ó sì na ìka sí Àpáta Aso lókèèrè pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Ààrẹ ń gbé. Bí àlejò bá padà délé, ohun tó máa sọ fáwọn ará ilé ni pé Àbújá mọ́, pé títì rẹ̀ fẹ̀, àmọ́ pé kò ní ìtàn kankan, ìlú tí ìjọba fi owó epo kọ́ lánàá ni. Àwa kò dá àlejò lẹ́bi. Ẹni tó mú un rìn ni kò mú un dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé Àbújá ní ìtàn, kó tú àpò owó rẹ̀ wò. Lójú owó ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1999, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yóò rí. Kó wá yí i padà, Àpáta Zuma, tó dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀nà Àbújá, ni yóò bá lẹ́yìn rẹ̀. Kó mú owó ogún náírà náà. Ọ̀gágun Murtala Muhammed, tí ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀, ló wà níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an sì ni. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ná obìnrin yìí lọ́jà, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ ẹni tó jẹ́.

Torí náà, ohun tí a fẹ́ ṣe lónìí ni pé ká to ìrìn ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún àlejò: ọjà tó lè ná, oúnjẹ tó lè jẹ, àti àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tó yẹ kó fojú rí. Ṣùgbọ́n ká tó wọ ọjà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀.

TA LÓ NI ILẸ̀?

Àbújá tí à ń pè ní Àbújá lónìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ìlú tó ń jẹ́ Suleja báyìí, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ló ń jẹ́ Àbújá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun jìháàdì àwọn Fúlàní gba Zaria mọ́ àwọn ọba Háúsá lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, àwọn ọba náà àtàwọn èèyàn wọn sá wá sí apá gúúsù, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ láàárín àwọn Gbagyi àti àwọn Koro. Ọ̀kan nínú wọn, Abu Ja, ló tẹ ìlú náà dó lọ́dún 1828, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ìlú. "Ja" túmọ̀ sí pupa lédè Háúsá. Torí pé ọkùnrin náà pupa ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀, orúkọ Àbújá ni wọ́n mú, ìlú àtijọ́ náà sì di Suleja, èyí tí wọ́n yọ láti ara orúkọ Ẹ́míà rẹ̀, Suleimanu Barau.

Àwa Yorùbá náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ káwọn ọmọ wa mọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 1975 ni ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ dìde pé kí wọ́n wò ó bóyá Èkó ṣì lè máa jẹ́ olú-ìlú lọ. Adájọ́ Akínọlá Agúdà ni alága ìgbìmọ̀ náà, Táí Ṣólàrín, gbajúmọ̀ olùkọ́ tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, sì wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Àwọn ni wọ́n dábàá àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè. Nínú oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun fi òfin gbé e kalẹ̀, ilẹ̀ tó wà nínú ohun tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Niger, Nasarawa àti Kogi lónìí ni wọ́n sì gé pọ̀. Ọmọ Yorùbá náà ni mínísítà àkọ́kọ́ tó bójú tó olú-ìlú tuntun, Mobolaji Ajose-Adeogun. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida wá kó kúrò l'Ékòó pátápátá.

Apá kan ìtàn náà nìyẹn. Apá kejì rèé, èyí tí a kì í sábà sọ fún àlejò. Ilẹ̀ tí wọ́n mú kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólúwa. Àwọn Gbagyi ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Gwari, orúkọ tí àwọn fúnra wọn kì í fẹ́ jẹ́. Àwọn Koro, Gade, Gwandara àti Bassa náà wà níbẹ̀. Abúlé ni Wuse, abúlé ni Maitama, abúlé ni Garki, kí wọ́n tó di orúkọ àdúgbò olówó. Wọ́n kó àwọn ará Wuse lọ sí Ìpínlẹ̀ Niger, ìlú tí wọ́n sì fi wọ́n sí ń jẹ́ Sabon Wuse, ìyẹn Wuse Tuntun lédè Háúsá. Wọ́n kó àwọn ará Maitama lọ sí Kubwa. Kubwa tí àìmọye ọmọ Yorùbá kọ́lé sí, tí a ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ, tí a ti ń ṣe òkú àgbà, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn onílẹ̀ Maitama wá. Abúlé Garki ṣì wà láàárín ìlú, bí ẹ bá wọ Garki ẹ ó rí i. Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú sì ti fa ẹjọ́ àti àríyànjiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

A kò sọ èyí láti da ìrìn yín rú. Àwa tí a wà lájò mọ bó ṣe ń dunni tó kí èèyàn bímọ sí ìlú, kó sin òkú síbẹ̀, kí wọ́n sì máa pè é ní àjèjì. Bí ìyẹn bá ń dun àwa, ó yẹ ká lè rò ó wò bó ṣe rí lára ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ baba rẹ̀, tí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà sì ń sọ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àlejò tó mọ orúkọ onílé kì í ṣìwà hù. Ẹ jẹ́ ká wá wọ ọjà wàyí.

ỌJỌ́ KÌÍNÍ: ỌJÀ ÀTI OÚNJẸ

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, báyìí làwọn baba wa wí. Ọjà Wuse, ní Zone 5, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ, bàtà, ohun ọ̀ṣọ́, èlò ọbẹ̀, èso, kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ kí oòrùn tó mú, kí èrò sì tó pọ̀. Ẹ má mú un sí ọjọ́ Àìkú, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wà ní títì. Ẹ ó bá àwọn ọmọ wa tó ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè, àmọ́ bí àlejò yín bá ti Abẹ́òkúta tàbí Ìsẹ́yìn wá, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Ohun tí òkè Ọya ní tí ilé kò ní ni kó wá.

Kí ni àwọn nǹkan ọ̀hún? Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ awọ. Àpò, bẹ́líìtì, sálúbàtà àti tìmùtìmù aláwọ tó ń ti Kánò àti Sókótó wá dára púpọ̀, wọ́n sì máa ń tọ́jọ́. Ìkejì ni iṣẹ́ Bídà. Àwọn Núpé ará Bídà ni gbajúmọ̀ nínú idẹ lílù, àwọn Masaga tó wà láàárín wọn sì ń fi iná yọ́ ìgò di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìkẹta ni fìlà alábẹ́rẹ́ ti Háúsá, tí abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ lè gba ẹni tó ń rán an ní ọjọ́ púpọ̀. Ìkẹrin ni òrí gidi, tí àwọn obìnrin ìgbèríko fi ọwọ́ po. Ìkarùn-ún ni ìkòkò àwọn Gbagyi, èyí tí a ó padà wá sí láìpẹ́.

Ní ti ìdúnàádúrà, ẹ má tijú. Bí ẹ bá fi "Nawa ne?" béèrè iye ọjà, oníṣòwò á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe àlejò àná. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì kó gbogbo owó yín jáde lójú ọjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ń tà, ẹ má ná an dójú ikú. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ló gbé sílẹ̀ níwájú yín yẹn.

Bó bá jẹ́ èso àti iṣu ni ẹ fẹ́ kó lọ sílé, Zuba ni kí ẹ yà sí, níbi tí ọ̀nà Kàdúná àti ọ̀nà Lọ́kọ́ja ti pàdé. Ẹni tó fẹ́ rí ọjà ìgbèríko láì jìnnà sí ìlú lè lọ sí Karimo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà wọn. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí àwọn obìnrin Gbagyi tó ń gbé ẹrù lé èjìká. Tiwọn kì í ṣe orí rárá. Èjìká ni wọ́n ti ń gbé e láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kó wò ó dáadáa, kó sì béèrè ìdí rẹ̀.

Fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, Banex Plaza ní Wuse 2 ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹ tan fóònù wò lójú ẹni tó tà á, ẹ fi káàdì yín pe ẹnì kan, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gba ọjà lọ́wọ́ ọmọ tó ń rìn káàkiri nítòsí ibẹ̀, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn. Jabi Lake Mall, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015, dùn ún lọ nírọ̀lẹ́ nítorí adágún omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; àwọn ọmọdé yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn.

Tó bá wá kan oúnjẹ, a mọ̀ pé ibi tí àmàlà wà ni ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ béèrè. Ó wà ní Wuse, ó wà ní Garki, ó wà ní Kubwa, tòun ti gbẹ̀gìrì àti ewédú. Bùkátéríà tí ẹ bá ti rí àwọn awakọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n tò sí lọ́sàn-án, ẹ jókòó síbẹ̀. Iyán Àbújá náà kò kẹ̀rẹ̀ rárá, torí pé Niger àti Nasarawa tó yí i ká, àti Benue, ilẹ̀ iṣu ni wọ́n.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àlejò jẹ àmàlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó sì padà sílé. Ẹ fún un ní túwó ìrẹsì pẹ̀lú miyan kuka. Bó bá ní òun ò mọ ọbẹ̀ yẹn rí, ẹ sọ fún un pé ewé oṣè gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, ohun kan náà tí àwọn ará Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè ní lúrú. Máásà tí wọ́n ń dín láàárọ̀, wáínà ni lẹ́nu àwọn ará Ìlọrin. Dawadawa tó ń ta sánsán nínú ọbẹ̀, irú wa ni. Fúrá àti wàrà kò ṣàjèjì sí wa náà. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ wọ̀nyí tán yóò mọ̀ pé ìkòkò àwa àti tiwọn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan olú-ìlú.

Lálẹ́, súyà ni. Wuse 2 lókìkí fún un. Ẹni tó fẹ́ràn ẹja yíyan lè lọ sí mammy market tó wà ní bárékè Mogadishu, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní bárékè Abacha. Ẹja tí wọ́n fi ata àti ewébẹ̀ yan lórí ẹyín iná ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Ibẹ̀ náà ni bọ́ǹbù ti dún lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 2010, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí ẹ bá jẹun níbẹ̀, ẹ rántí wọn. Kílíṣí sì ni kí ẹ dì fún àwọn tó wà nílé, torí kì í tètè bàjẹ́ lọ́nà. Lóòótọ́, ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án, àmọ́ gbogbo oúnjẹ tí a kà sílẹ̀ yìí, àtèyí tí mẹ̀kúnnù lè jẹ wà nínú rẹ̀.

ỌJỌ́ KEJÌ: ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ

Ká má tan ara wa. Ẹni tó bá ti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1952, tàbí ti Ọnìkàn l'Ékòó, tó ṣí lọ́dún 1957, tàbí ti Èsìẹ́ ní Kwara, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945, kò gbọdọ̀ wá sí Àbújá pẹ̀lú èrò pé irú wọn lòun máa bá. Tàbùjá fọ́n káàkiri ni, díẹ̀ níhìn-ín díẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ẹni la fi ń ṣà á jọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìlú, ní ilé ìrántí Shehu Musa Yar'Adua. Ó ní yàrá ìwé àti ibi tí wọ́n ti pàtẹ ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gágun náà. Òun ni igbákejì Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ nínú ìjọba ológun láti 1976 sí 1979. Lọ́dún 1995, ìjọba Abacha sọ àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n. Ọbásanjọ́ jáde, ó sì di Ààrẹ lọ́dún 1999. Yar'Adua kú sínú ẹ̀wọ̀n lóṣù kejìlá ọdún 1997. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà máa rí i níbẹ̀ pé ìjọba alágbádá tí à ń ṣe yìí, àwọn kan fẹ̀mí dí i.

Nítòsí ibẹ̀ ni abúlé iṣẹ́ ọnà wà, ìyẹn Arts and Crafts Village, tí wọ́n dá sílẹ̀ káwọn oníṣẹ́ ọnà láti gbogbo ìpínlẹ̀ lè máa rí ibi tajà. Ó ti rí aáwọ̀ àti ìtìpa rí, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú bóyá ilẹ̀kùn ṣí kí ẹ tó gbọ̀nà ibẹ̀. Ní Wuse 2, Thought Pyramid Art Centre máa ń pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán òde òní. Lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ẹ ó rí Nike Art Gallery. Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogi, ló dá a sílẹ̀, ó sì ní irú rẹ̀ l'Ékòó, l'Óṣogbo àti ní Ògìdì. Àdìrẹ àti bàtíìkì ló fi gbajúmọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti kọ́ níṣẹ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Àbújá, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ṣe lára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ ní aró, ibẹ̀ ló ti lè rí i láì dé Òṣogbo.

Ìkìlọ̀ kan rèé o, pàápàá fún àwọn tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Bí ẹnikẹ́ni bá rọra sọ fún yín pé ère àtijọ́ wà lọ́wọ́ òun, tí wọ́n wú nínú ilẹ̀, ẹ yáa sá. Òfin ọdún 1979 de títà àti kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílùú láìgba àṣẹ. Iṣẹ́ ọnà tuntun pàápàá, bó bá jọ ti àtijọ́, ó dára kí ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ wá jáde nílùú wàyí, ẹ kọrí sí Ushafa, ní agbègbè Bwari, lẹ́bàá ìdídò Usuma tó ń fún Àbújá lómi. Abúlé Gbagyi ni, òun sì ni Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Bill Clinton, ṣàbẹ̀wò sí nígbà tó wá sí Nàìjíríà lóṣù kẹjọ ọdún 2000. Àwọn amọ̀kòkò wà níbẹ̀. Ẹ kí àwọn àgbà abúlé kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá dúró wò.

Láti ibẹ̀, ẹ lè lọ sí Suleja, níbi tí iṣẹ́ ìkòkò ti di ohun tí ayé gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìjọba. Ìkòkò kan tó rí láàfin Ẹ́míà ló yà á lẹ́nu, ó sì béèrè ẹni tó mọ ọ́n. Ladi Kwali ni, obìnrin Gbagyi láti abúlé Kwali, tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọbìnrin ilẹ̀ wọn. Lọ́dún 1954 ló wọ ibi ìkọ́ṣẹ́ náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò lo kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò. Ó máa ń yí amọ̀ gbọọrọ bí okùn, yóò máa ká a lé ara wọn, yóò máa yí ìkòkò náà po fúnra rẹ̀, yóò sì fín àwòrán alángbá, àkéekèe àti ẹja sí i lára. Nígbà tó fi máa di 1958, wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin tí kò ka ìwé gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello lọ́dún 1977. Ó di olóògbé lọ́dún 1984. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ibi ìkọ́ṣẹ́ náà.

Àwa tí a ní Ìpetumodù, tí a ní àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin, kò yẹ kí iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí wa. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹ ra ọ̀kan lọ sílé. Bí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ mú bọ̀ láti Àbújá, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ sì mú owó ogún náírà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń bọ̀ láti Suleja, Àpáta Zuma kò jìnnà. Ìpínlẹ̀ Niger ló wà, lójú ọ̀nà Kàdúná, àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé ojú èèyàn hàn lára rẹ̀. Ẹ dúró níbi tó bá tẹ́jú kí ẹ wò ó, ẹ má dúró lójú títì márosẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀.

Ibì kan kù tí a fẹ́ dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní kí ẹ máa lọ. Taruga ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ó tó nǹkan bí 60 kìlómítà sí gúúsù ìlà-oòrùn Àbújá. Láwọn ọdún 1960, Bernard Fagg àtàwọn awalẹ̀pìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí àwọn iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin níbẹ̀, pẹ̀lú ère amọ̀ irú ti Nok. Iná ìléru wọ̀nyẹn ti lé ní 2,000 ọdún. Ṣé ẹ wá rí i? Kí ẹnikẹ́ni tó gbé pákó ìkọ́lé kalẹ̀ ní Àbújá, àwọn èèyàn ti ń rọ irin nítòsí rẹ̀. Ẹni tó ń bọ Ògún kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

BÍ Ẹ ṢE LÈ RÌN ÍN

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì dára jù fún ìrìn yìí torí òjò kì í sí, àmọ́ ẹ mú aṣọ òtútù díẹ̀ nítorí ọyẹ́. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, torí náà takisí tàbí bọ́ọ̀sì lẹ ó máa wọ̀. Ibùdókọ̀ tó lórúkọ ni kí ẹ ti wọkọ̀. Ẹ má wọ mọ́tò tó kàn dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó sínú rẹ̀. Àwọn oníwàn-ṣáǹsì ò tíì tán nílùú. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ mọ̀ pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ máa wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá ti orílẹ̀-èdè lásìkò ìrun. Ẹ má ya fọ́tò sọ́jà, bárékè tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba.

Bí ẹ bá ń kọjá nínú ìlú, ẹ máa ka orúkọ títì fún àwọn ọmọ. Obafemi Awolowo Way wà níbẹ̀, Herbert Macaulay Way wà níbẹ̀, Ladoke Akintola Boulevard wà ní Garki 2. Ademola Adetokunbo Crescent ní Wuse 2, orúkọ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí ni. Pápá ìṣeré ńlá ìlú náà, orúkọ M.K.O. Abíọ́lá ló ń jẹ́ láti ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gba títì wọ̀nyí lọ síléèwé lójoojúmọ́ tí wọ́n rò pé orúkọ àdúgbò lásán ni.

Kí ẹ wá bi wọ́n pé, orúkọ àwọn tiwa wà lára títì, ti àwọn onílẹ̀ ńkọ́? Wuse, Maitama, Garki, Asokoro, Kwali, Bwari. Orúkọ wọn ló ṣẹ́ kù sórí ilẹ̀ náà. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Kó tó di pé àlejò tó ń bọ̀ dé, ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ inú ilé yín rìn ín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ushafa ò jìnnà sí Kubwa rárá.